Ìwádìí Oògùn Jẹjẹrẹ Nílẹ̀ Wa: Ibo Ni Kí Owó àti Agbára Kọ́kọ́ Lọ?

Ìṣirò tí IARC, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, gbé jáde fún ọdún 2022 sọ pé ènìyàn tó lé ní 127,000 ni àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn, àwọn tó sì bá a lọ lé ní 79,000. Bí a bá ka ènìyàn márùn-ún tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, a óò ka òkú mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ ti pẹ́ tí oògùn tó ń gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ àwọn oríṣi jẹjẹrẹ kan ti wà láyé. Ohun tí àwọn onímọ̀ wa ń jiyàn lé lórí ni ibi tó yẹ kí ìwádìí tiwa dojú kọ. Ṣé ewé àti egbò ilẹ̀ wa ni, àbí jíìnì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa? Ṣé ká wá oògùn tuntun, àbí ká wádìí bí a ṣe lè lo èyí tó ti wà lọ́nà tí agbára wa ká? Ṣé ká dá ilé iṣẹ́ oògùn sílẹ̀, àbí ká gbájú mọ́ dídènà àrùn náà kó tó dé? Owó tó wà nílẹ̀ kò tó láti ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn náà fi le, tó sì fi yẹ ká gbé èrò kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò dáadáa.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bọ̀

Áfíríkà kì í ṣe àlejò nídìí ìwádìí jẹjẹrẹ. Ní 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ará Ireland tó wà ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, ṣàpèjúwe kókó kan tó máa ń wú ní àgbọ̀n àwọn ọmọdé. Ní 1964, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Epstein, Achong àti Barr, rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀lì kókó náà, òun sì ni fáírọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tí a mọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ọmọ ènìyàn.

Àwọn tó mọ ipa tí Ìbàdàn kó nínú ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. Ní 1960 ni wọ́n dá ilé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní UCH, ilé ìwòsàn yunifásítì ìlú náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ ẹni tí àrùn náà mú, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ibi tí ó ti mú un lára sílẹ̀. Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn kó tó padà sílé, wà lára àwọn tó fi hàn pé oògùn nìkan, láìjẹ́ pé wọ́n lo ọ̀bẹ, lè mú kí kókó Burkitt yọ́ dànù lára ọmọdé. Ní 1972, òun, Burkitt àti John Ziegler, ẹni tó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ní Ùgáńdà, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Lasker, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn ìṣègùn tó níyì jù lọ láyé.

Mo fẹ́ kí ìtàn yìí ṣe òṣùwọ̀n fún gbogbo èrò tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí so èso nítorí pé aláìsàn, àkọsílẹ̀, oògùn àti oníṣègùn pàdé níbi kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ lára ẹ̀ka èrò tí a ní lónìí, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń sọnù, nígbà mìíràn méjì.

Àwọn tó ní ewé àti egbò ni

Ẹ̀ka yìí ló ní ọmọlẹ́yìn jù lọ láàárín ará ìlú, àwọn onímọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ ní yunifásítì kò sì kéré. Ẹ̀rí wọn kì í ṣe àròsọ. Òdòdó Catharanthus roseus, tó ti Madagascar wá tí ọ̀pọ̀ ń gbìn síwájú ilé fún ẹwà, ni wọ́n ti rí vinblastine àti vincristine. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí vincristine ní 1963, ó sì wà lára oògùn tí wọ́n ń fún ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ títí dòní. Èèpo igi kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni paclitaxel ti wá, wọ́n sì fọwọ́ sí i ní 1992. Bí ewé ẹlòmíì bá di oògùn, kí ló dé tí tiwa kò fi ní í dà á?

Iṣẹ́ sì ti wà nílẹ̀ lórí ewé tiwa. Láti 1969 ni Kupchan àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti yọ èròjà méjì jáde lára ewúro, wọ́n pe ọ̀kan ní vernodalin, èkejì ní vernomygdin, àwọn méjèèjì ló sì ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo láàbù. Ọmọ Nàìjíríà kan, Ernest Izevbigie, ṣiṣẹ́ lórí ewúro ní Yunifásítì Jackson State, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ olùṣàwárí lé e lórí. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n E. O. Farombi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí kolaviron, èròjà inú orógbó, bóyá ó lè dáàbò bo ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ aflatoxin, oró tí èbu ń gbé jáde lára ẹ̀pà àti àgbàdo.

Àǹfààní ẹ̀ka yìí hàn gbangba. Ohun èlò rẹ̀ wà nítòsí, ìmọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ, iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sì gba owó rẹpẹtẹ. Ibi tí ó ti ń kọsẹ̀ ni láti inú àwo láàbù dé ara ènìyàn. Ohun tó lè pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo pọ̀ lọ súà: ọṣẹ lè pa á, omi iyọ̀ tó bá le tó lè pa á. Ìbéèrè tó nípọn ni bóyá ohun náà lè gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ibi tí kókó wà, ní ìwọ̀n tó tó láti pa á, láìpa ẹni tó gbé e mu. Láti 1969 títí di àkókò yìí, ewúro kò tíì di oògùn jẹjẹrẹ tí àjọ kankan fọwọ́ sí. Àwọn tó ní owó púpọ̀ pàápàá ń ṣubú lójú ọ̀nà yìí. Igi Combretum caffrum ti Gúúsù Áfíríkà ni combretastatin ti jáde, wọ́n dán an wò lára ènìyàn fún ọdún púpọ̀, kò sì dé ọjà.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù lọ kì í ṣe ti jẹjẹrẹ, àmọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá a mu wẹ́kú. NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Abuja, gba àgbo àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lọ́wọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá kan. Ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n dán an wò lára aláìsàn, wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan, wọ́n sì gbé ẹ̀tọ́ àtiṣe é fún Xechem, ilé iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà kan. Ilé iṣẹ́ náà wọko gbèsè ní 2008, oògùn náà sì há sọ́nà. Àwọn onímọ̀ wa ti ṣe iṣẹ́ tiwọn. Ẹni tí yóò náwó sí i títí dé òpin, tí kò sì ní í ṣubú, ni a kò rí.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn alátìlẹ́yìn ewé kì í fẹ́ sọ sókè. Àmì NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò oúnjẹ àti oògùn, tó wà lára ìgò àgbo kò túmọ̀ sí pé NAFDAC ti rí ẹ̀rí pé ó ń woni sàn. Gbólóhùn kan máa ń wà lára ìgò náà pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí ẹni tó ṣe é ń sọ wò. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2018 rí i pé ewu ikú àwọn tó kọ ìtọ́jú dókítà sílẹ̀ pátápátá fún ìtọ́jú mìíràn jẹ́ ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti àwọn tó gba ìtọ́jú dókítà. Mímu àgbo mọ́ oògùn kẹ́mò náà ní ewu tirẹ̀. Ewé kan tí àwọn Òyìnbó ń mu, St John's wort, máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè lé irinotecan jáde lára, oògùn náà kò sì ní í lágbára mọ́. Bóyá ewé tiwa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà jẹ́ ohun tí ìwádìí tí kò wọ́n lè fi hàn, èmi sì rò pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí àwọn onímọ̀ ewé wa kọ́kọ́ lọ, nítorí ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ń mu àgbo mọ́ kẹ́mò láìsọ fún dókítà.

Àwọn tó ní jíìnì wa ló ní ìdáhùn

Kò sí láàbù jíìnì tó lórúkọ láyé tí wọn kò ti mọ Yorùbá. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap ń yàwòrán ìyàtọ̀ tó wà láàárín jíìnì ọmọ aráyé, 90 ènìyàn láti Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, àmì tí wọ́n sì fún wọn, YRI, ti di ohun tí gbogbo onímọ̀ jíìnì ń pè lójoojúmọ́. Àwọn tó wà ní ẹ̀ka èrò yìí ń bèèrè pé: bí ayé bá ti fi ẹ̀jẹ̀ wa kẹ́kọ̀ọ́ tó báyìí, kí ló dé tí oògùn tí wọ́n ń ṣe kò fi bá ara wa mu tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jáde ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1980 tó sì wà ní Yunifásítì Chicago, ló wà níwájú nínú iṣẹ́ yìí. Ní 2018, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọyàn àti 997 tí kò ní in. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jogún jíìnì tó ní àbùkù, BRCA1 àti BRCA2 ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Èyí kan ìtọ́jú tààrà. Oògùn kan wà, olaparib, tí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù fọwọ́ sí ní 2014, tó ń jà ní pàtàkì pẹ̀lú kókó tí àbùkù BRCA bí.

Láti Ilé-Ifẹ̀, ẹgbẹ́ ARGO, tí àwọn dókítà ilé ìwòsàn OAUTHC àti ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ti New York jọ dá sílẹ̀ ní 2013, gbé ohun tó yani lẹ́nu jáde lórí jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Nínú àwọn aláìsàn tí wọ́n yẹ̀ wò ní Nàìjíríà, ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tí kókó wọn jẹ́ irú tí àtúnṣe DNA ti bàjẹ́ nínú rẹ̀. Iye yìí ju ti àwọn aláìsàn Amẹ́ríkà lọ fíìfíì. Irú kókó bẹ́ẹ̀ gan-an ni pembrolizumab, oògùn tó ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí, ń bá jà dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fọlákẹ́mi Ọdẹ́dínà ti Mayo Clinic ní Florida náà kó àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà, Caribbean àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jọ lórí jẹjẹrẹ prostate, nítorí pé àrùn náà le lára àwọn ọkùnrin tí ìran wọn ti ọ̀dọ̀ wa wá, ì báà jẹ́ Èkó ni wọ́n ń gbé tàbí Jacksonville.

Ewu oògùn pàápàá ní jíìnì nínú. Kí wọ́n tó fún aláìsàn ní oògùn kẹ́mò capecitabine ní Yúróòpù, wọ́n máa ń wo ìyàtọ̀ mẹ́rin nínú jíìnì DPYD, kí oògùn náà má baà di májèlé fún un. Ìyàtọ̀ kan tí wọ́n pè ní Y186C, tí bíi mẹ́ta sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní, kò sí lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí, ó sì wú mi lórí. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi òṣùwọ̀n Burkitt wọ̀n ọ́n. Aláìsàn wà, oníṣègùn wà. Oògùn ni kò sí. Obìnrin tí wọ́n sọ fún pé ó ní àbùkù BRCA1 kò rí olaparib rà, ẹni tí pembrolizumab lè gbà là kò rí owó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara ni wọ́n ń kó sọdá òkun fún àyẹ̀wò, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ló sì ń kọ ìròyìn náà. Ilé iṣẹ́ 54gene tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2019 láti kó jíìnì Áfíríkà jọ fún wíwá oògùn rí owó ńlá gbà lọ́wọ́ àwọn olùdókòwò, ó sì ti pa ìlẹ̀kùn dé ní 2023.

Ìṣòro kan tún wà nídìí ẹ̀ka yìí tó ń dùn mí ju gbogbo èyí lọ, nítorí ó ṣeé tún ṣe. Jẹjẹrẹ ọyàn tó ní àmì ER, ohun tí họ́mọ̀nù estrogen ń rọ̀ mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì, máa ń gbọ́ tamoxifen, oògùn oníhóró tí owó rẹ̀ kò ga. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2008, tó wo aláìsàn 192 ní Nàìjíríà, sọ pé 65 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ER. Òmíràn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, lórí aláìsàn 507 láti Nàìjíríà àti Senegal, sọ pé 24 péré ni. Àwọn kan gbà pé jẹjẹrẹ ọyàn ilẹ̀ wa yàtọ̀ gidi gan-an, pé irú tí kò ní ER ló pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn mìíràn ní ọwọ́ tí a fi ń tọ́jú ẹran ara ló fà á: bí ẹran tí dókítà gé bá pẹ́ nílẹ̀ kó tó wọ inú fọ́málíìnì, tàbí tí fọ́málíìnì náà kò bá dára, àmì ER lè pa rẹ́, láàbù yóò sì kọ ọ́ pé kò sí. Bí ti àwọn kejì yìí bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé àwọn obìnrin kan ń pàdánù oògùn tí owó wọn ká.

Àwọn tó ní oògùn tó wà nílẹ̀ ni ká wádìí

Ẹ̀ka kẹta kò wá oògùn tuntun rárá. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni bóyá ìwọ̀n oògùn tí ilé iṣẹ́ kọ sára páálí pọ̀ ju ohun tí ara nílò lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń ta oògùn kò ní ìdí kankan láti wádìí bóyá díẹ̀ yóò tó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí owó san ló yẹ kó ṣe é.

Íńdíà ti fi ọ̀nà hàn. Ní Tata Memorial ní Mumbai, wọ́n fi nivolumab, oògùn mìíràn tó ń ta àwọn ọmọ ogun ara jí, mílígíráàmù 20 lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta kún oògùn oníhóró tí àwọn tó ní jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ń lò. Ìwọ̀n tí wọ́n ń fúnni níbòmíràn jẹ́ 240 ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023 sọ pé iye àwọn tó wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan gòkè láti 16 nínú ọgọ́rùn-ún sí 43. Ní ti jẹjẹrẹ prostate, ìwádìí kékeré kan tí Yunifásítì Chicago darí fi hàn ní 2018 pé abiraterone mílígíráàmù 250 tí a bá lò pẹ̀lú oúnjẹ lè ṣe iṣẹ́ 1,000 tí a lò lórí òfo. Ìtọ́jú onítànṣán náà ń kúrú. Ìwádìí FAST-Forward ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn ní 2020 pé ìgbà márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan lè rọ́pò ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún jẹjẹrẹ ọyàn. Fún obìnrin tó ń ti Ìsẹ́yìn tàbí Ìkàrẹ́ wá, tó ní láti wá ibi sùn ní Ìbàdàn tàbí Èkó títí ìtọ́jú yóò fi parí, ọ̀sẹ̀ kan dípò mẹ́ta lè jẹ́ ohun tí yóò jẹ́ kó lè parí ìtọ́jú rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìwádìí ARETTA fi hàn pé àwọn ilé ìwòsàn wa lè dán trastuzumab tí a ń gún sábẹ́ awọ wò fún jẹjẹrẹ ọyàn, ní ìlànà tí ayé gbà.

Àwọn tó ń takò wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìwádìí ti Mumbai kò fi ìwọ̀n kékeré wé ìwọ̀n ńlá. Àwọn tí kò gba nivolumab rárá ni wọ́n fi wé. A kò mọ̀ bóyá ẹni tó gba 20 ń pàdánù ohun tí 240 ì bá fún un. Ọ̀rọ̀ trastuzumab náà ní ìjà nínú. PERSEPHONE, ìwádìí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní obìnrin tó lé ní 4,000, sọ ní 2019 pé lílo oògùn náà fún oṣù mẹ́fà kò burú ju oṣù méjìlá lọ. PHARE ti ilẹ̀ Faransé kò lè fìdí ọ̀rọ̀ kan náà múlẹ̀. Ẹ̀rù sì ń ba àwọn kan pé a lè sọ àìní di ìlànà, kí ìjọba máa fi oògùn díẹ̀ tẹ́ aláìsàn lọ́rùn nígbà tó lè ra èyí tó pé. Ìtọ́jú onítànṣán tó kúrú náà ń béèrè ẹ̀rọ tí kò ní í yẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí, iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú, àti onímọ̀ físíìsì tó mọ iṣẹ́. Ilé ìtọ́jú NSIA-LUTH tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 2019 ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹyọ ilé ìtọ́jú díẹ̀ kò lè gba gbogbo orílẹ̀-èdè.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n mú ẹ̀ka kan, èyí ni màá mú. Àwọn nǹkan mẹ́rin tó mú iṣẹ́ Burkitt yọrí lè pàdé nínú rẹ̀, kódà oògùn, nítorí oògùn náà ti wà lọ́jà, a kàn ń béèrè díẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Àwọn ìbéèrè tó ń béèrè jẹ́ tiwa, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bá wa béèrè wọn.

Àwọn tó ní ká ṣe é nílé, ká sì rà á ní owó pọ́ọ́kú

Lójú àwọn wọ̀nyí, ìwádìí kò níye lórí bí oògùn kò bá dé ọwọ́ aláìsàn. Wọ́n ń tọ́ka sí trastuzumab, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sára àkójọ oògùn kòṣeémánìí ní 2015, tó sì jẹ́ pé àwọn oògùn tó jọ ọ́, tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe lẹ́yìn tí ẹ̀tọ́ olùṣàwárí parí, ló mú owó rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n tún ń tọ́ka sí àdéhùn 2017, tí American Cancer Society àti àjọ CHAI fi bá àwọn ilé iṣẹ́ oògùn Pfizer àti Cipla dúnàádúrà kí oògùn kẹ́mò lè wá sí Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti orílẹ̀-èdè mẹ́ta mìíràn ní owó tó wálẹ̀.

Rírà pọ̀ ti fi ẹ̀rí hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Ṣíṣe é nílé ló le. Oògùn kẹ́mò kì í ṣe parasitamọ́ọ̀lù. Eruku rẹ̀ lè pa òṣìṣẹ́ lára, nítorí náà ó nílò yàrá àdádó tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde lásán, àwọn tó ń rà á kò sì pọ̀ tó láti dá owó bẹ́ẹ̀ padà. Rírà láti òkèèrè náà kò dánilójú tán. Ìwádìí tó jáde ní 2025 lórí oògùn jẹjẹrẹ ní Kamẹrúùnù, Ethiopia, Kẹ́ńyà àti Malawi rí i pé bí ọ̀kan nínú mẹ́fà ni èròjà rẹ̀ kò bá ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mu. Nàìjíríà kò sí lára rẹ̀; ó yẹ kí a ṣe tiwa kíá.

Àwọn tó ní ìdènà ló ṣe pàtàkì

Ẹ̀rí ẹ̀ka yìí ló lágbára jù lọ. Ìwádìí KEN SHE ní Kẹ́ńyà, lórí ọ̀dọ́bìnrin 2,275, fi hàn pé abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ṣoṣo fún HPV, fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, ń dáàbò boni bíi 97 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó wà lára ohun tó mú kí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà ní 2022 pé ẹ̀ẹ̀kan tó. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní oṣù Kẹwàá 2023, Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun sì wà nínú ìpele àkọ́kọ́. Àjẹsára hepatitis B ń ṣe bákan náà fún ẹ̀dọ̀.

Àléébù rẹ̀ kò ju méjì lọ, ṣùgbọ́n wọ́n tóbi. Kò ran ẹni tí àrùn ti mú lọ́wọ́, kò sì kan jẹjẹrẹ ọyàn àti prostate, àwọn méjì tó ń ṣọṣẹ́ jù ní Nàìjíríà.

Ta ló ń sanwó, ta ló ń darí?

Lábẹ́ gbogbo èrò wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ àṣẹ wà. Àwọn kan ní láìsí owó òkèèrè, kò sí ìwádìí, pé ó sàn ká gba ohun tí wọ́n ń fúnni ká sì kọ́ iṣẹ́ nídìí rẹ̀. Àwọn mìíràn rántí Kano ní 1996, nígbà tí Pfizer dán oògùn Trovan wò lára ọmọdé tó ní àrùn yírùnyírùn, ọ̀ràn tó fi ilé iṣẹ́ náà sílé ẹjọ́ títí ó fi bá ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe àdéhùn owó ní 2009. Wọ́n ní ẹni tó sanwó ni yóò yan ìbéèrè. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Ìgbìmọ̀ NHREC ti wà láti máa ṣọ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni òfin tó dá NICRAT, ilé ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ ti ìjọba, ti wà láti 2017, ṣùgbọ́n ó di 2023 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi. Láàárín ọdún mẹ́fà yẹn, jápa kó ọ̀pọ̀ dókítà àti nọ́ọ̀sì jẹjẹrẹ lọ.

Ohun tí a kò tíì yanjú

A kò tíì mọ iye obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọyàn nílẹ̀ wa tí kókó wọn ní ER ní tòótọ́. Ìwádìí tó bá tọ́jú ẹran ara bó ti yẹ láti ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ dé ọwọ́ láàbù, ní ilé ìwòsàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ló lè parí ìjà 2008 àti 2009. A kò mọ̀ bóyá oògùn díẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ oògùn púpọ̀ ní ti àwọn tó ń ta ọmọ ogun ara jí, kò sì sí ẹ̀rí pé ohun tó ṣiṣẹ́ ní Mumbai yóò ṣiṣẹ́ bákan náà lára aláìsàn jẹjẹrẹ ìfun ní Ilé-Ifẹ̀. Ewúro àti orógbó ṣì wà láàárín láàbù àti ilé ìwòsàn, kò sì sí òfin tó ṣe kedere lórí ohun tó tọ́ sí oníṣègùn ìbílẹ̀ tí ìmọ̀ rẹ̀ bá di oògùn, tàbí sí ará Ìbàdàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá bí ìwádìí. Bí a ṣe ní láti pín owó láàárín àjẹsára fún ọmọ tí yóò dàgbà lọ́la àti oògùn fún ìyá tó ń ṣàìsàn lónìí, kò sí onímọ̀ kankan tó lè fi ìṣirò nìkan dáhùn rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aláìsàn nílé, ẹ má dúró de ìgbà tí àríyànjiyàn yìí yóò parí. Bí wọ́n bá fẹ́ gé kókó ọyàn yẹ̀ wò, ẹ bèèrè pé inú fọ́málíìnì ni ẹran náà ń lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ sì béèrè èsì ER ní àkọsílẹ̀. Bí aláìsàn bá ń mu àgbo, ẹ sọ fún dókítà. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ìwádìí kan wà tó lè wọ̀, ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ aláìsàn, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, kó sì wọlé bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn.